Mo Pa Àdírẹ́sì Olè Rẹ́, Wọ́n sì Mú Ẹni Tí Kò Jalè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ẹnikẹ́ni ò tàn mí, kò sì sí èṣù kankan tó tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là kedere nígbà tí mò ń ṣe é.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé títí di òní, mi ò fẹ́ràn ọkùnrin tí mo ṣe é sí. Bí ẹ bá ń retí pé mo máa sọ pé èèyàn dáadáa ni, ẹ máa retí lọ.

Mo-Ti-Sọ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é lẹ́yìn. Òun ló dàgbà jù nínú wa, débi pé ọ̀gá wa obìnrin pàápàá kì í sọ "ìwọ" sí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́, á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, á wá ní, "Mo ti sọ." Bí nǹkan ò bá sì bàjẹ́, á ní ká ṣì dúró ná.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ wa ni láti gbé èsì àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn sórí fóònù àwọn aláìsàn. Aláìsàn á tẹ orúkọ àti pásíwọọ̀dù rẹ̀, á rí èsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá ní kí n gbé géètì tuntun síwájú àwọn ẹ̀rọ wa.

Géètì yìí kì í ṣe onírin o. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, gbogbo ìbéèrè tó bá ń bọ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé lẹ́tà ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́ sì wà lẹ́yìn àpò rẹ̀. Géètì á já àpò náà, á kó lẹ́tà sínú àpò tuntun tó ní àdírẹ́sì géètì fúnra rẹ̀. Bí kò bá da àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ sí ìlà kan lókè lẹ́tà, a ò ní mọ ibi tó ti wá mọ́ láé.

Àṣẹ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan ń pa àdírẹ́sì yòówù tí ẹni ìta bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sórí ìlà náà rẹ́, torí àwọn èèyàn máa ń kọ irọ́ síbẹ̀. Èkejì ń kọ ojúlówó àdírẹ́sì sí i. Pípa rẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí kíkọ bá ṣáájú, géètì á kọ òótọ́ tán, á tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Mo-Ti-Sọ máa ń bi wá nìyẹn, lórí iṣẹ́ gbogbo, láàárọ̀, lọ́sàn-án: "Èwo ló ṣáájú?" Ó ti bi mí tó bẹ́ẹ̀ tí orí mi fi máa ń gbóná bí mo bá ti rí i tó ń la ẹnu.

Òfin kan sì wà lọ́fíìsì wa tí kò ṣeé yẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá àyípadà ṣe sórí àwọn ẹ̀rọ. Wàá kọ ọ́ sínú ìwé àyípadà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì tẹ "Mo fọwọ́ sí i" lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó tó lè ṣiṣẹ́. Ojú kejì là ń pe onítọ̀hún. Ojú kejì tèmi, Mo-Ti-Sọ ni.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Ọ̀gá ti sọ pé bí géètì yẹn bá ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di Ọjọ́ Ajé, èmi ni òun máa fi ṣe olórí ẹ̀ka wa. Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, Mo-Ti-Sọ gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

"Kò lè parí ẹ̀," ó ní. "Ìkánjú ló máa ń bá a. Ohun tó bá sì kánjú ṣe, àwa la máa ń jókòó tún un ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Èmi náà fi eyín hàn wọ́n, mo sì ti àwo oúnjẹ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aago mẹ́ta ni mo parí iṣẹ́ náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó di aago mẹ́ta àbọ̀, ó dìde láìwo ojú mi, ó jáde. Tábìlì rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí tèmi lọ. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Mo dúró dè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Mo ní kí n kàn lọ wò ó bóyá ó tiẹ̀ ti ṣí iṣẹ́ mi. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, ẹsẹ̀ mi ti mọ ohun tó ń lọ ṣe kí n tó kúrò lórí àga.

Iṣẹ́ mi ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sísàlẹ̀ rẹ̀, kò tíì parí rẹ̀. Ohun tó kọ ni: "Èwo ló".

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo pa ọ̀rọ̀ méjèèjì rẹ́. Mo tẹ "Mo fọwọ́ sí i". Mo padà sórí àga mi, mo bu omi mu.

Nígbà tó wọlé padà lẹ́yìn aago mẹ́rin, géètì tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ́. Ó wá yí àga rẹ̀ sí mi.

"Ta ló fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀."

"Mi ò tíì kà á tán."

"Háà, ẹ̀gbọ́n," mo ní, mo sì gbóhùn sókè kí àwọn tó kù lè gbọ́. "Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó dìde. Àbí ọjọ́ orí ti ń dé ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀rín náà wà lọ́tẹ̀ yìí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bi í léèrè. Ó dùn mọ́ mi o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo ń fi rẹ́rìn-ín títí mo fi délé, mo sọ fún ọkọ mi, káfíńtà ni, pé bàbá náà ti gbàgbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ní Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá fi mí ṣe olórí ẹ̀ka.

Ní Ọjọ́rú, obìnrin kan já wọ ọ́fíìsì wa, tíṣà ni. Ó di bébà kan mú, ó fi lu tábìlì ọmọbìnrin tó ń gba àlejò.

"Èwo nínú yín ló ṣe é?" ló ń sọ. "Ẹ ṣáà fi ẹni náà hàn mí."

Ẹnì kan ti ṣí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé tó ti ń kọ́ni. Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé ná. Mi ò ní sọ irú àyẹ̀wò tó jẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá pe lọ́yà iléeṣẹ́. Lọ́yà ní kí n ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí gbogbo ìbéèrè àti àdírẹ́sì wọn ti máa ń wà. "Ìwọ lo mọ géètì yìí," ó ní, "wá sọ ibi tí ẹni yìí ti wọlé fún wa."

Mo ṣí i. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àdírẹ́sì kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àdírẹ́sì géètì ni. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti to àṣẹ méjèèjì lódìlódì, pé géètì ń kọ àdírẹ́sì àwọn èèyàn tán ni ó ń pa á rẹ́.

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. "Mo ṣe àṣìṣe." Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ì bá gbà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé báwo ni àṣìṣe ṣe gba ọwọ́ ojú kejì kọjá, Mo-Ti-Sọ á sì tún sọ pé òun ò fọwọ́ sí i. Ipò tí mo wà níbẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta.

Mo wá ìlà tíṣà yẹn jáde, òun nìkan, mo sì yí kọ̀ǹpútà sí wọn.

"Inú ilé níbí ni àdírẹ́sì yìí wà," mo ní.

Kì í ṣe irọ́. Inú ilé ni géètì wà lóòótọ́.

Lọ́yà ní kí wọ́n mú ìwé ẹnu-ọ̀nà wá, èyí tí à ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Wọ́n pè é. Ọ̀gá ní, "Kí lẹ wá ṣe níbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Iṣẹ́ kan ni mo wá tún yẹ̀ wò."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó wò mí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Láti Ọjọ́ Ẹtì ni kò ti dá ọwọ́ ara rẹ̀ lójú mọ́. Bó bá sọ pé géètì ni, wọ́n á ní ṣebí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo kó o sínú ìyẹn.

"Mi ò ṣí èsì ẹnikẹ́ni," ó ní. "Gbogbo ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Lọ́yà fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré: kó kọ̀wé pé òun ṣe é, kó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, àbí kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀. Ó kó ife tíì rẹ̀ àti aṣọ òtútù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó jáde.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti dúró nìyẹn. Èmi ò dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, mo tún àwọn àṣẹ náà tò. Mo ní kí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá mi fọwọ́ sí i, kò tiẹ̀ kà á, mo ti di ọ̀gá rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀, àdírẹ́sì oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn padà bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, mo ti tún nǹkan ṣe, ó tán.

Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà wo àkọsílẹ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan, ó na ìka sí i.

"Ẹ rí i? Láti ìgbà tí bàbá yẹn ti lọ, àdírẹ́sì inú ilé ò yọjú mọ́. Ẹlẹ́rìí wo la tún ń wá?"

Ọ̀gá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí, èmi náà mi orí. Àtúnṣe tí mo ṣe ti di okùn mìíràn lọ́rùn ọkùnrin náà.

Ọ̀sẹ̀ pé, Mo-Ti-Sọ wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Lọ́yà ti ìwé àti bírò síwájú rẹ̀.

"Kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan," ó ní, "ẹ jẹ́ kí géètì padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé àyípadà ṣì ní i nípamọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń tọrọ."

"Kò pọn dandan," mo ní. Ohùn mi ti yára jù.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Kí ló dé tí kò pọn dandan?"

"Àwọn aláìsàn ń lò ó lọ́wọ́, mà."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè pa wọ́n. Dá a padà."

Mo dá a padà. Mo-Ti-Sọ ní kí gbogbo wa yọ fóònù wa, ká pa wáìfáì ọ́fíìsì, kí oníkálukú lo dátà tirẹ̀, ká ṣí ojú ewé iléeṣẹ́ wa. Ọ̀gá ṣí i. Èmi náà ṣí i. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ṣí i. Ó ní kí lọ́yà kọjá sí òdìkejì títì kó ṣí tirẹ̀ níbẹ̀. A ń wò ó láti ojú fèrèsé tó dúró sínú oòrùn, tó ń tẹ fóònù.

Nígbà tó padà, Mo-Ti-Sọ ní, "Ìyàwó yín dà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn síbí."

"Ẹ pè é. Kí òun náà ṣí i."

Lọ́yà pè é. Obìnrin náà ń ráhùn pé òun ní oníbàárà níwájú, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Mo-Ti-Sọ wá ní kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ jáde, kí n má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá ka ti àkọ́kọ́. Ó ka èkejì. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Àdírẹ́sì kan náà ni ti gbogbo wa, òun gan-an ló wà lẹ́yìn èsì tíṣà yẹn.

"Lọ́yà," Mo-Ti-Sọ ní, "ìyàwó yín ló jí èsì náà ni? Torí inú ilé níbí lòun náà wà, bí a bá ní ká gba bébà yìí gbọ́."

Lọ́yà fa bírò rẹ̀ padà lórí tábìlì.

Ọ̀gá ò wo ẹlòmíràn mọ́, èmi ló ń wò. "Ta ló to nǹkan yìí báyìí?"

"Èmi ni, mà. Àṣìṣe ni."

"Ta ló wá fọwọ́ sí i?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, mo ṣì sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ni."

Ọ̀gá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí ìwé àyípadà. "Ọjọ́ Ẹtì," ó kà á jáde, "aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú."

Ó tún un kà, sínú lọ́tẹ̀ yìí.

"Láti aago mẹ́ta àbọ̀ títí aago mẹ́rin fi kọjá lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "iwájú mi ni wọ́n wà. Mo rántí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹ la fi ń bá ara wa jà. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kí géètì ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé o máa dá a ṣe láìsí ojú kejì. Mo ní ìlara ló ń ṣe wọ́n."

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi.

"Ta ló jókòó ti tábìlì wọn?" ọ̀gá bi mí, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀.

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti "Èwo ló" tí mo pa rẹ́, àti ìlà kan ṣoṣo tí mo fi hàn wọ́n. Bí mo ti ń sọ ọ́, ojú Mo-Ti-Sọ ni mò ń wò. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́, kí n lè rí ìdí kan kórìíra rẹ̀ sí i. Ó wọ gíláàsì padà, kò sọ ọ́.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣí èsì yẹn ti tún padà wá nígbà tí géètì ti dára, àdírẹ́sì rẹ̀ hàn gbangba, ọlọ́pàá sì tọ̀ ọ́ dé ilé: ọkọ tíṣà náà àtijọ́ ni, ó ti mọ pásíwọọ̀dù rẹ̀ láti ayé ọjọ́sí. Ká ní mo ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, à bá ti mọ̀ pé ẹni ìta ni, à bá ti yí pásíwọọ̀dù náà padà, kò sì ní lè wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ ìyẹn, tíṣà náà mọ̀ ọ́n, ó sì ti wá sọ ọ́ sí mi lójú.

Ní ti ọkọ mi, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ló ní, "O jẹ́ kí n fi èèyàn tí o ṣe báyẹn rẹ́rìn-ín." Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ sílé Mo-Ti-Sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ìdajì ló ṣí i, kò ní kí n wọlé. Ó pè é. Ọkùnrin náà jáde wá pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí."

"Dìde," ó ní. Kò sí àánú kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ. Nígbà tí o dé ìdí tábìlì mi, ìkánjú ló wà nínú ẹ àti ìkórìíra. Èwo ló ṣáájú?"

Mo dìde. Mo ń gbọn eruku sìmẹ́ńtì kúrò ní orúnkún mi.

"Bí o bá mọ̀ ọ́n, kó o padà wá," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìkórìíra ni. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ méjì yẹn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo mọ ìbéèrè tó fẹ́ bi mí. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́ ni, ǹ bá padà lọ wo àwọn àṣẹ mi, ìṣẹ́jú kan péré, ǹ bá sì rí àṣìṣe náà. Torí pé òun ló kọ ọ́ ni mo ṣe pa á rẹ́.

Mo ti dé àdúgbò wọn lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sọ ọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo yí padà níwájú ilé.